Ibi Eré Ìdọdẹ Ni Iṣẹ́ Mi Parí Sí

Ẹni tó bá ń ronú àtiṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé etí ni wọ́n fi ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, gbígba tọkọtaya nímọ̀ràn ni mo fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn, mo jókòó ni, mo sì ń gbọ́. Ìyàwó mi, Mojí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣeun, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni ọkùnrin tó ń dákẹ́ ṣiṣẹ́ ní gbogbo Agége. Ó ti kú báyìí. Ilé wa ní Ọgbà ni mo ti ń kọ èyí. Kẹ̀kẹ́ ń pariwo níta láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n nínú ilé, bí mo bá gbé ife sílẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìró rẹ̀.

N kò ní í pẹ́ lórí bí mo ṣe rí iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà ń wá nọ́ọ̀sì fún ilé ìtọ́jú kékeré tó wà nínú ọgbà wọn. Ẹnì kan júwe mi, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun. Ó tán.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Métírọ́nù Fálànà, obìnrin Èkìtì kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í rún. Ilé ẹ̀kọ́ ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n níwájú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ lásán ni mí. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì la ń lò nígbà náà, a ó sì sè é lórí sítóòfù kí a tó tún un lò. Bí mo bá ní ó ti hó tó, á ní kí n dá a padà. Bí mo bá fọ ọwọ́ tán, á gbé e sókè wo ìdí èékánná mi bí ìyá tó ń wo ọmọ iléèwé.

Ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá láti ìdí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ jóná. Mo wẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ ló jó o. Métírọ́nù ka ohun tí mo kọ, ó pè mí.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ jó o?”

“Rárá, Mà.”

“Ta ló wá sọ fún ọ?”

“Òun fúnra rẹ̀ ni, Mà.”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. ‘Ó ní ẹ̀rọ ló jó òun.’ Ohun tí o rí, kọ ọ́ pé o rí i. Ohun tí o gbọ́, kọ ọ́ pé o gbọ́ ọ. Èyí tí o bá rò, gbé e lọ sílé fún ìyàwó rẹ.”

“N kò tíì níyàwó, Mà.”

“Orí ló yọ ọmọbìnrin náà.”

Mo bínú lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó fún mi yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ náà máa ń wá gba ìtọ́jú. Ọkùnrin kan mú ìyàwó rẹ̀ wá, ojú obìnrin náà wú. Gbogbo ìbéèrè tí Métírọ́nù bá bi ìyàwó, ọkọ ló ń dáhùn. Ó ní ó ṣubú ni. Ó ní ilẹ̀ balùwẹ̀ ló yọ̀. Métírọ́nù kò jiyàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé yìí. Ó ń yọ mí lẹ́nu, ẹ̀yin ọkùnrin lẹ mọ̀ ọ́n.” Ọkọ jáde lọ. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ omi náà. Kó tó padà wọlé, ìyàwó ti sọ òótọ́, ó sì ti sọ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lè sá lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì pa pọ̀ mọ́ láé. Mo máa ń kọ́kọ́ yà wọ́n ni.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ Mojí, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Agége. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ bá bí ọ̀rọ̀ ilé bá dà wọ́n láàmú. Ilé iṣẹ́ wa kógbá sílé, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe kógbá sílé ní Ìkẹjà. Ibi tí ẹ̀rọ ike wà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Èmi àti Mojí wá sọ iwájú ilé wa di ọ́fíìsì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba tọkọtaya nímọ̀ràn.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Mojí á mú ìyàwó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, èmi á jókòó ti ọkọ nínú pálọ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, a ó fún àwọn méjèèjì lómi mu nínú pálọ̀, àwa á sì bọ́ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ la ti ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, èmi á gbára lé síńkì, òun á gbára lé fíríìjì. “Kí lo gbọ́?” “Kí ni ìwọ gbọ́?” Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá bára mu, ó dáa. Bí wọn ò bá bára mu, a ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú wa. Tẹ́lẹ̀, wòlíì tàbí ààfáà ló máa ń darí àwọn ènìyàn sí wa, wọn á sì lo wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó sọ ohun tó gbé wọn wá. Fóònù dé, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa láti inú ọkọ̀, ìbínú ṣì gbóná lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú orúkọ wá. Ohun tí ẹni tó ṣáájú wọn ń ṣe láìmọ bí yóò ṣe pè é, wọ́n ti rí orúkọ rẹ̀ kà lórí fóònù.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbọ́ nípa eré ìdọdẹ. Òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ó ṣe é sọ níwájú àgbà. Àgbàlagbà méjì tí wọ́n ti jọ fẹnu kò ló ń ṣe é. Wọ́n á bọ́ ìwà jẹ́jẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọ̀kan á di ọdẹ, èkejì á di ẹran, tàbí kí àwọn méjèèjì di ẹranko. Wọ́n á lé ara wọn, wọ́n á jìjàkadì, wọ́n á bú ramúramù, wọ́n á fi eyín kan ara. Nígbà mìíràn, orí ibùsùn ló ń parí sí. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín ni.

Àwọn tó kọ́kọ́ mú un wá jẹ́ akáǹtáǹtì kan àti ìyàwó rẹ̀. Ìyá ìyàwó ló rí ojú eyín léjìká ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ pe ìpàdé ẹbí. Nígbà tí a dé ilé ìdáná, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Mojí, ojú eyín ni mo rí o.”

“Èmi náà rí i. Kí lo gbọ́?”

“Ó ní ìyàwó ló ní kí òun ṣe é.”

“Ohun tí ìyàwó sọ fún mi náà nìyẹn. Ó tiẹ̀ ní ọkọ òun ò mọ̀ ọ́n bú, pé ó ń dún bí ewúrẹ́.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di síńkì mú. Mojí kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní ká padà lọ, ká ní kí wọ́n kọ́ wa.

Wọ́n kọ́ wa lóòótọ́, àwọn mìíràn tó tẹ̀lé wọn sì fi kún un. A rí i pé ìgbà tí ọkàn tutù ni wọ́n ń ṣàdéhùn, wọn kì í dúró di ìgbà tí ara ti gbóná. Wọ́n máa ń sọ ibi tí ọwọ́ àti eyín kò gbọdọ̀ dé, pàápàá ọrùn àti ojú. Wọn kì í ṣe é bí ọtí bá wà lára ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n máa ń yan ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́, eré parí, nítorí nínú eré, ènìyàn lè máa ké “fi mí sílẹ̀” kó má sì fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Bí ó bá sì parí, wọn kì í tú ká. Wọ́n á jókòó ti ara wọn títí ọkàn àwọn méjèèjì á fi padà wálé. Mojí ní èyí tó kẹ́yìn yìí ni òun fi ń mọ̀ wọ́n.

Ọ̀pọ̀ sọ fún wa pé gbogbo ọ̀sẹ̀ làwọn fi ń wọ bàtà, tí àwọn ń kí ọ̀gá, tí àwọn ń fọgbọ́n sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń sinmi kúrò nínú ọgbọ́n. Mo rò ó títí, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹni tó bá pe orúkọ yìí ló ń ṣe eré. Ọkùnrin kan wá, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà jù wá lọ. Ní yàrá ẹ̀yìn, Mojí bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fi ń dá a dúró. Obìnrin náà wò ó, ó ní, “Mà, ṣé wọ́n máa ń dá a dúró ni?” Lọ́jọ́ náà gan-an, ìyàwó kò bá ọkọ padà sílé. Bí ẹ̀rù bá ṣì wà lẹ́yìn tí eré ti parí, kì í ṣe eré.

Àìsàn tó mú Mojí kò fà á gùn. Ṣeun wá láti ìlú òkèèrè, a sin ìyá rẹ̀, ó padà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí tọkọtaya bá pè, mo máa ń ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn lọ. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, mo sì ku ẹyọ kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan kanlẹ̀kùn. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó da ìborùn bo orí. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Ràṣídá lorúkọ mi. Mà ló kọ́ mi ní girama. Mo ń wá wọn ni.”

“Mà ti kú, ọmọ mi.”

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì bú sẹ́kún. Mo bu omi fún un. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó sọ ohun tó gbé e wá.

Mùfútàù ọkọ rẹ̀ ń gé ẹran níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba yàrá kan nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Eré ìdọdẹ ni eré wọn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí gbogbo ilé bá tan jẹnẹrétọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, iná dé lójijì. Wọ́n pa gbogbo jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé pa lọ́lọ́, ohùn Ràṣídá nìkan ló kù: “Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ pa mí jẹ o!”

Àwọn ará ilé sáré dé. Wọ́n ní alápatà fẹ́ dúńbú ìyàwó rẹ̀. Kí Ràṣídá tó lè ṣàlàyé ohunkóhun, wọ́n ti já ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti fi igi ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Mùfútàù, ọwọ́ tó fi ń jẹun.

“Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta,” ó ní. “Àwọn ará ilé ti sọ fún wọn pé ọkọ mi ń lù mí. Wọ́n fẹ́ mú mi lọ sílé, wọ́n ní ìgbéyàwó parí. Mi ò fẹ́ lọ, sà. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.”

N kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí n kò tíì gbọ́. Mo sì ti rí obìnrin tó ń bo ìkà ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ rí. Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀ lóun nìkan, ṣùgbọ́n n kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó oníyàwó nínú ilé tí kò sí obìnrin. Mo gbé àga méjì síta, sí ojú ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí wa, tí ariwo kẹ̀kẹ́ kò sì ní í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa.

“Ta ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Èmi ni, sà.” Ó wolẹ̀. “Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ńṣe ló ń rọra fọwọ́ kàn mí bíi pé ẹyin ni mí. Mo ní ṣé ó rò pé màá fọ́ ni?”

“Kí lẹ fi ń dá a dúró?”

“‘Ó wà o,’ sà. Bí ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò.”

“Ó sì máa ń dúró?”

“Ẹsẹ̀kẹsẹ̀! Ọjọ́ kan tí iṣan fà mí lẹ́sẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́, ó fò sẹ́yìn débi pé ó fi orí gbá kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́.”

“Bí o bá ní o kò fẹ́ ńkọ́?”

“Á ní kò burú. Á lọ wo bọ́ọ̀lù.”

“Bí ẹ bá ṣe tán?”

“Á bu omi wá. Á fi òrí pa mí léjìká. Bí mi ò bá tíì sọ̀rọ̀, òun náà ò ní sọ̀rọ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí Mùfútàù wá lóun nìkan. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ wà nínú POP, kò sì lè wò mí lójú. Mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Ohun tí ìyàwó sọ lòun náà sọ, títí kan orí tó gbá kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó ní ìyàwó òun ṣì máa ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ó fi ohun kan kún un tí ìyàwó kò sọ: kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gé èékánná, ó sì máa ń bọ́ òrùka.

“Ọwọ́ yìí ló ń dá màlúù dùbúlẹ̀ láràárọ̀, sà,” ó ní. “Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Ràṣídá ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń gbọ́ràn.”

Mo fún un lómi, mo dìde, mo sì bọ́ sí ilé ìdáná bí mo ṣe máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo dé kí n tó rántí. Mo gbára lé síńkì. Mo ní, “Òun náà dárúkọ òrí.” Mo sọ ọ́ síta kedere. Fíríìjì ń kùn. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àlejò mi sì wà ní pálọ̀ tó ń wú ikọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí n lè mọ̀ pé òun ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá wọn ní pálọ̀ onílé wọn. Alhaji Ganíyù, ẹ̀gbọ́n Ràṣídá, kò bọ́ fìlà, kò sì fọwọ́ kan mínírà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n di ẹrù àbúrò òun.

“Ẹ̀yin ni dókítà wọn?” ó bi mí.

“Nọ́ọ̀sì ni mí, Alhaji. Mo máa ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn.”

“Ó dáa. Kí ló ń ṣe fún un tó fi ń ké?”

“Ìyẹn kì í ṣe tèmi láti sọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì bára mu. Mo wá ẹ̀rù lójú rẹ̀, n kò rí i.”

Onílé gbé ọwọ́ sókè. “Etí mi yìí ló gbọ́ ‘Ẹ gbà mí o!’ Ṣé orin ló ń kọ ni?”

“Rárá, Bàbá Láńdílọ́ọ̀dù,” Ràṣídá ní. “Eré ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kó máa lé mi. Eré ọkọ àti aya ni.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu onílé, ó sọ ọ́ di ikọ́. Alhaji wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó wo gbogbo ibi tí àbúrò rẹ̀ kò sí.

“Eré tí wọ́n fi ń ké ẹ gbà mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Bí o bá ní kó dúró ńkọ́?”

“Ó máa ń dúró.”

“Mo bi ọ́ dáadáa o, Ràṣídá. Má wo ojú ẹnikẹ́ni.”

“Ó máa ń dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ọjọ́ tí kò dúró rí.”

Alhaji fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀. “Mi ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láyé mi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ní kó dúró tí kò dúró, pè mí. Mi ò ní béèrè ohunkóhun. Màá dé.” Ó dìde. Ó yíjú sí onílé. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ta ló ń bá a tọ́jú rẹ̀?”

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, bí ẹnì kan bá ké pé ẹ gba òun, ẹ sáré lọ. Àwọn aládùúgbò náà ṣe ohun tó yẹ bí wọ́n ṣe sáré. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọn ò dúró gbọ́ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ mi wà nínú ìdúró kékeré yẹn. Bó bá jẹ́ ìyà ni ẹ bá níbẹ̀, ẹ mú ẹni náà jáde. Bó bá jẹ́ eré àwọn àgbàlagbà méjì tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ẹ sì fa ilẹ̀kùn padà.

Wọ́n tú ẹrù Ràṣídá padà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ará ilé kò jẹ́ kí wọ́n lè pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Dópẹmú. Ọwọ́ Mùfútàù jiná, àmọ́ kò lágbára bíi tẹ́lẹ̀, ẹran tútù ló ń tà báyìí, kì í dá màlúù mọ́. Àwọn ni tọkọtaya tí mo gbà kẹ́yìn.

Nígbà tí ìpàdé yẹn parí, àwọn méjèèjì sìn mí dé títì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dìde. Bí wọ́n ṣe ń padà, Ràṣídá ṣáájú díẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sọ nǹkan tí n kò gbọ́, ó sì fi eré gé e. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n yẹn gbá ọwọ́ POP rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń sá tẹ̀lé e láàárín àwọn alájàpá, ó ń bú ramúramù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn ènìyàn sì ń yà fún un. Mo dúró títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀.

Kẹ̀kẹ́ kan tó ń lọ sí Ọgbà dúró níwájú mi. Mo wọlé, mo sún wọ inú, mo fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Awakọ̀ kò tíì fẹ́ gbéra, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

“Bàbá, ṣé ẹnì kan ṣì ń bọ̀?”

Mo ní rárá, kó máa lọ.